Dodgers àbí Yankees: ta ni kí n kọ sínú ìwé tẹ́tẹ́ ibi iṣẹ́ mi?

ÌyáTómi_Bronx (Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kẹwàá 2024, 9:14 alẹ́)

Ẹ n lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé mo gbé ọ̀rọ̀ béèsìbọ́ọ̀lù wá síbi tá a ti máa ń sọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú àti owó ilé, ọ̀rọ̀ yìí ló sú mi. Ibi iṣẹ́ mi níbí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni, àwa méjìlélọ́gbọ̀n la dá ogún dọ́là ogún dọ́là lórí World Series, ìdíje tó gbẹ̀yìn pátápátá nínú béèsìbọ́ọ̀lù, láàárín Dodgers ti Los Angeles àti Yankees ti New York, tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìwé tí wọ́n pín fún wa ń béèrè nǹkan mẹ́rin. Tíìmù wo ló máa gba ife. Géèmù mélòó ni wọ́n máa fi gbà á. Ta ni wọ́n máa fún ní MVP, ìyẹn ẹ̀bùn ẹni tó gbá a dára jù. Ìkẹrin ni run, ìyẹn ayò, mélòó ni tíìmù méjèèjì máa ní lápapọ̀ ní géèmù àkọ́kọ́. Tí àwọn tó mọ tíìmù bá pọ̀, wọ́n á fi ìbéèrè kejì yọ àwọn kan, wọ́n á fi ìkẹta yọ àwọn kan, títí tó fi máa ku ẹnì kan tó máa kó gbogbo owó lọ. Jímọ̀ kí n tó kúrò níbi iṣẹ́ ni mo gbọ́dọ̀ dá a padà.

Ọdún kẹta mi rèé ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni mo gbọ́. Tómi ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò mọ̀ ju Yankees lọ, ẹ̀wù Judge, agbábọ́ọ̀lù wọn, ló fi ń sùn. Ó ní kí n kọ Yankees ní géèmù mẹ́rin kí n má jiyàn. Àmọ́ nọ́ọ̀sì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ òru, ará Dominican, fẹnu kò mí létí pé òun fẹ́ràn Soto ti Yankees dénú eegun ṣùgbọ́n Dodgers lòun máa kọ, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹ̀ wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i, kẹ́ ẹ sì ṣàlàyé ẹ̀ bíi pé ẹ ń bá ẹni tí kò mọ nǹkan kan sọ̀rọ̀.

Kọ́lá_Inglewood (Ìṣẹ́gun, 9:40 alẹ́)

Ìyá Tómi, ẹ ò tiẹ̀ ní láti rò ó jìnnà. DODGERS. Ohtani nìkan gbá home run 54 (kó gbá bọ́ọ̀lù kọjá ọgbà) lọ́dún yìí ó tún jí base 59 (kó sáré dé ibùdó tó kàn kí wọ́n tó mọ̀), látọjọ́ tí wọ́n ti ń gbá a kò sẹ́ni tó pé 50 níbí tó tún pé 50 lọ́hùn-ún nínú ọdún kan náà. Tó bá kúrò níbẹ̀ Mookie Betts ló ń bọ̀, lẹ́yìn Betts ni Freeman, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ti gba MVP líìgì rí. Géèmù mẹ́fà péré ni wọ́n gbá pẹ̀lú Mets ti New York, run 46 ni wọ́n kó wálé, kò sí tíìmù National League (líìgì tí Dodgers wà) kankan tó kó tó yẹn rí lọ́wọ́ tíìmù kan ṣoṣo ní àsìkò ìdíje àṣekágbá. Dodgers ní márùn-ún, MVP Ohtani, ẹ lọ sùn.

BàbáPúùlù_Ìbàdàn (Ọjọ́rú, 23 Oṣù Kẹwàá, 2:05 òru)

Ẹ kú òru o, lọ́dọ̀ tèmi ilẹ̀ ti mọ́. Ìyá Tómi, ọlọ́gbọ́n ni ọmọ yín, ẹ gbọ́ tiẹ̀. Taxi ni mo wà ní New York fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kí n tó wálé, ojú mi ni wọ́n ṣe gba ife 1996, ojú mi ni 1998, 1999 àti 2000, ojú mi ni 2009. Ife mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà nílé Yankees, méje péré ni ti Dodgers. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni àwọn méjèèjì ti pàdé ní World Series, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni Yankees nà wọ́n. Nígbà tá a ń kọ púùlù l'Ókè-Àdó láyé ọjọ́sí, irú ìyẹn là ń pè ní bánkà, ẹ fi síbẹ̀ kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.

Ohun kejì, Yankees ní Gerrit Cole. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ló ni géèmù yìí, kì í ṣe ẹni tó ń gbá a. Dodgers ò ní ẹni tó tó Cole àfi ará Japan yẹn tó ń jù tó tún ń gbá, ẹnì kan ò sì lè dá ogun jà. Yankees ní mẹ́fà, MVP Stanton, run márùn-ún.

Kọ́lá_Inglewood (Ọjọ́rú, 2:31 òru)

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Ohtani KÒ NÍ JU BỌ́Ọ̀LÙ KANKAN. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìgúnpá ní 2023, gbígbá nìkan ló ń gbá látìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ará Japan mìíràn ni ẹ ń rò, Yamamoto, òun ló máa ju géèmù kejì.

Mẹ́jọ nínú mọ́kànlá tí ẹ sì ń kà yẹn, mẹ́fà nínú ẹ̀ Brooklyn ni Dodgers ń gbé nígbà náà, wọn ò tíì kó wá sí Los Angeles. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ní 1941 máa wá bá wa gbá a ní Jímọ̀ ni? Ìgbà tí wọ́n pàdé kẹ́yìn, 1981, Yankees ló kọ́kọ́ mú méjì, Dodgers wá mú mẹ́rin léra wọn. Fernando Valenzuela ló gbà wọ́n sílẹ̀ ní géèmù kẹta, ó ju bọ́ọ̀lù 147 lọ́jọ́ yẹn kò jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ òun. Alẹ́ àná yìí ló kú, ọmọ ọdún 63. Ládùúgbò wa níbí àwọn ará Mexico ti tan àbẹ́là síwájú ilé, landlord mi ò tíì lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀... ẹ má bínú, láti alẹ́. Mi ò tíì sùn.

BàbáPúùlù_Ìbàdàn (Ọjọ́rú, 2:44 òru)

Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Mo gbà lórí ti ará Japan. Mi ò gbà lórí ìyókù.

ỌmọPeckham (Ọjọ́rú, 5:20 àárọ̀)

Ìbéèrè kékeré kan, kí ló dé tí wọ́n ń pè é ní World Series nígbà tó jẹ́ Amẹ́ríkà àti Amẹ́ríkà ló ń bá ara wọn gbá a?

Ṣadé_Queens (Ọjọ́rú, 7:02 àárọ̀)

@ỌmọPeckham lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Canada, Toronto gbà á ní 1992 wọ́n tún gbà á ní 1993. Jẹ́ ká gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ jàre.

Àǹtí Ìyá Tómi, Mets ni mò ń bá ṣe, ẹ mọ̀ pé Dodgers ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ojú wa gbolẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, nítorí náà kò sẹ́ni tí mo fẹ́ràn nínú àwọn méjèèjì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa torí mo wo géèmù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì ń dùn mí dòní.

Bí pitcher, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ṣe rí nìyí. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ goalkeeper kan náà lè dúró sílé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé ìparí. Pitcher ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ géèmù lónìí máa sinmi bí ọjọ́ mẹ́rin kí apá ẹ̀ tó padà bọ̀ sípò. Torí náà tíìmù gidi gbọ́dọ̀ ní mẹ́rin, ó kéré tán. Yankees ní wọn: Cole, Rodón, Schmidt, Gil. Dodgers ní mẹ́ta, Flaherty, Yamamoto, Buehler. Àwọn tó kù wọn ti ṣèṣe tán, Glasnow ò sí, Kershaw ò sí, Stone ò sí. Ní géèmù kẹrin ńkọ́? Àwọn bullpen, ìyẹn àwọn tó máa ń wọlé láàárín géèmù, ni wọ́n máa fi dí i, eléyìí ju díẹ̀ kó bọ́ sílẹ̀, òmíràn á wọlé.

Ibí yìí ni Bàbá fi máa rò pé òun ti borí. Rárá o sà. Irú géèmù alápapọ̀ yẹn ni wọ́n fi na San Diego 8 sí 0 nígbà tí ẹ̀mí Dodgers ti ń bọ́ lọ. Òótọ́ ni pé a rí wọn mú nínú ọ̀kan, Vientos tiwa gbá grand slam, home run tó ń kó run mẹ́rin wálé lẹ́ẹ̀kan, mo fò títí aládùúgbò mi fi kan ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi lé wa lọ sílé náà géèmù alápapọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń bọ̀ wá jù, ibẹ̀ ni wàhálà ẹ̀ wà.

Flaherty ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Géèmù àkọ́kọ́ tó jù fún wa inning méje, ìyẹn ìpín méje nínú géèmù, a ò rí run kan. Ìkejì, inning mẹ́ta péré, a gba mẹ́jọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọkùnrin kan náà, ọjọ́ márùn-ún péré ló wà láàárín. Òun ló máa kojú Cole ní Jímọ̀.

Àlàbí_Houston (Ọjọ́rú, 12:18 ọ̀sán)

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ béèsìbọ́ọ̀lù, ìyá yìí ń sọ̀rọ̀ owó. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Ìyá Tómi, ẹ jẹ́ n bi yín, nínú ẹ̀yin méjìlélọ́gbọ̀n tẹ́ ẹ wà ní Bronx níbẹ̀, mélòó lẹ rò pé ó máa kọ Dodgers?

ÌyáTómi_Bronx (Ọjọ́rú, 1:03 ọ̀sán)

Ha. Nọ́ọ̀sì yẹn. Boyá ẹnì kan nínú kíṣìnì tó ti gbé California rí. Gbogbo àwọn tó kù fìlà Yankees ló wà lórí wọn, dókítà gan-an dé e wọlé lánàá.

Àlàbí_Houston (Ọjọ́rú, 1:25 ọ̀sán)

Ọ̀rọ̀ parí. Owó yín 640 dọ́là ni. Ká ní tíìmù méjèèjì dọ́gba, tẹ́ ẹ bá kọ Yankees tí Yankees sì gbà á, bí ọgbọ̀n èèyàn lẹ máa bá du ìbéèrè kejì, ìkẹta, ìkẹrin. Tẹ́ ẹ bá kọ Dodgers tí Dodgers gbà á, ẹ̀yin àti èèyàn méjì péré ni. Ibi tí èrò bá pọ̀ sí, ìjẹ ibẹ̀ kì í tó nǹkan. Kódà ká ní Yankees fi díẹ̀ dára ju Dodgers lọ, Dodgers náà ni màá ṣì kọ sínú ìwé yẹn. Wọn ò sì dára jù wọ́n lọ: géèmù 98 ni Dodgers mú lọ́dún yìí, Yankees 94, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí géèmù kìíní àti ìkejì fi jẹ́ ní Los Angeles, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ní New York, tó bá ṣì kù wọ́n á padà sí Los Angeles.

Iye géèmù: ká sọ pé owó ẹyọ là ń ta sókè, ẹni tó bá kọ́kọ́ mú mẹ́rin ló gbà á. Nínú ọgọ́rùn-ún irú ìdíje bẹ́ẹ̀, bíi méjìlá ló máa parí ní géèmù mẹ́rin, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní márùn-ún, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní mẹ́fà, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní méje. Tí tíìmù tẹ́ ẹ mú bá wá sàn díẹ̀ ju èkejì lọ, mẹ́fà ló máa ga jù. Ẹ kọ mẹ́fà. Ti géèmù mẹ́rin tí Tómi ń sọ yẹn, ìfẹ́ ni, kì í ṣe ìṣirò.

Run: géèmù kan lọ́dún yìí, tẹ́ ẹ bá ro ti tíìmù méjèèjì pọ̀, ó ń lọ sí mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Àmọ́ nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba ni kẹ́ ẹ mú. Ìdí ẹ̀ ni pé kò sí ọ̀mì nínú géèmù yìí, ti run kan ṣoṣo ló sì wọ́pọ̀ jù nínú àwọn tó ń parí, 4 sí 3, 5 sí 4, ẹ ro wọ́n pọ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Méje tàbí mẹ́sàn-án. Torí Cole wà níbẹ̀, màá kọ méje.

Kọ́lá_Inglewood (Ọjọ́rú, 1:31 ọ̀sán)

Ará Houston ló ń kọ́ wa ní ìṣirò tẹ́tẹ́ lórí Dodgers 😂 ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lu ìlù nínú agolo ìdọ̀tí ní 2017 láti sọ fún ẹni tó ń gbá irú bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀. A ò tíì gbàgbé o.

Àlàbí_Houston (Ọjọ́rú, 1:33 ọ̀sán)

Èmi ò lu nǹkan kan, ìgbà yẹn Ìbàdàn ni mo wà.

BàbáPúùlù_Ìbàdàn (Ọjọ́rú, 3:50 ọ̀sán)

Àlàbí ọmọ mi, ìṣirò ẹ dára, ṣùgbọ́n o gbàgbé pé obìnrin yìí ní ilé tó máa padà sí. Tí ọmọ ọdún mọ́kànlá bá mọ̀ pé ìyá òun kọ ọ̀tá sórí ìwé, ọ̀rọ̀ náà ò ní tán bọ̀rọ̀. Mo rántí ẹnì kan tá a jọ ń wa ọkọ̀, 2003 ló kọ Florida tó kojú Yankees, Florida sì gbà á lóòótọ́. Ìyàwó ẹ̀ ará Bronx ni. Oṣù mélòó kan ló fi ń jẹun ní búkà.

Mo ti mú àbá àárín wá. Ìyá Tómi, ẹ kọ Dodgers torí owó, kẹ́ ẹ wá kọ Stanton sí MVP torí ọmọ. Home run mẹ́rin ló gbá nígbà tí Yankees na Cleveland, òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn níbẹ̀, Los Angeles gan-an sì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó ń padà lọ sílé nìyẹn.

Àlàbí_Houston (Ọjọ́rú, 4:12 ọ̀sán)

Bàbá mi, owó yẹn á kàn ṣòfò ni sà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń fúnni ní MVP World Series, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fún ẹni tí tíìmù ẹ̀ pàdánù, Bobby Richardson ní 1960, Yankees náà ni. Tẹ́ ẹ bá ti kọ Dodgers, inú Dodgers náà lẹ máa ti mú MVP.

BàbáPúùlù_Ìbàdàn (Ọjọ́rú, 4:20 ọ̀sán)

Ẹ̀ẹ̀kan ti ṣẹlẹ̀ nígbà náà.

Ṣadé_Queens (Ọjọ́rú, 8:45 alẹ́)

MVP yìí gba èrò. Kọ́lá sọ Ohtani, gbogbo ẹni tó bá kọ Dodgers ló máa kọ Ohtani, tó bá jẹ́ ọgbọ́n Àlàbí là ń lò nìyẹn ò dára. Tommy Edman ti Dodgers ni wọ́n fún nígbà tí wọ́n nà wá, kò sẹ́ni tó retí ẹ̀, run mọ́kànlá ló gbá wọlé. Freeman ni kẹ́ ẹ má sún mọ́. Ó fi ọrùn ẹsẹ̀ rọ́ ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti yọ ọ́ pátápátá látìgbà náà, nígbà tó bá sì gbá, single (ti base kan ṣoṣo) ni, kò tíì gbá double (ti base méjì) kan kò tíì gbá home run kan láti ìgbà tí ìdíje yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí fún un torí èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó ń tiro.

Betts ló kù. Èmi á kọ Betts.

Nǹkan kan tí kò tíì sẹ́ni tó sọ: gbogbo èèyàn ń ka home run, Judge 58, Ohtani 54, Soto 41. Mo gbé láàárín àwọn Yankees yìí mo sì ń wò wọ́n, wọ́n ò mọ eré sá. Wọ́n á wà lórí base wọ́n á sùn lọ, wọ́n á sáré nígbà tí kò yẹ, wọ́n á dúró nígbà tó yẹ. Gleyber Torres tó wà ní second base, àṣìṣe ọwọ́ ẹ̀ pọ̀. Lójú Dodgers tí kì í fi bọ́ọ̀lù ṣeré, àwọn tó máa gba base tẹ́ ẹ bá ṣẹ́jú péré, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ á jẹ Yankees lẹ́sẹ̀. Wọ́n lè pàdánù géèmù tí wọ́n ti mú tán.

Kọ́lá_Inglewood (Ọjọ́rú, 9:10 alẹ́)

Freeman á gbá. Ó ti sinmi láti ọjọ́ Àìkú, Jímọ̀ á pé ọjọ́ márùn-ún. Ẹ jẹ́ kó jókòó sílẹ̀ kí wọ́n máa fi omi dídì sí i lẹ́sẹ̀, ẹ máa rí i.

Ṣadé_Queens (Ọjọ́rú, 9:14 alẹ́)

Ọjọ́ márùn-ún fún ọrùn ẹsẹ̀? Bàbá mi fi ọrùn ẹsẹ̀ rọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn, oṣù mẹ́ta. Má tan ìyá oníyàá.

Adéọlá_Brooklyn (Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹwàá, 10:36 alẹ́)

Mo kàn ń kà yín ni láti àná, ẹ̀rín ti pa mí. Èmi ò gbà pé Dodgers ló sàn o, Bàbá nìkan ló ń gbèjà Yankees kò sì yẹ. Ẹ̀yin ń wo Oṣù Kẹfà tí Dodgers wá mú méjì nínú mẹ́ta níbí, ṣùgbọ́n Soto ò gbá géèmù kankan nínú ẹ̀, apá ń dùn ún. Bẹ́ẹ̀ náà géèmù tó kọ́kọ́ wáyé nínú ẹ̀ di inning mọ́kànlá kí Dodgers tó fi 2 sí 1 borí. Ẹ wá fi Soto kún un. Ẹni tó gbá home run run mẹ́ta sínú afẹ́fẹ́ Cleveland ní inning kẹwàá láti gbé wọn dé ibi tí wọ́n dé yìí. Ẹ wo àwọn bọ́ọ̀lù tó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó gbá a, méje ni pitcher yẹn jù fún un kò fi sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Sáà yìí tán, kóńtíráàtì ẹ̀ tán, owó ńlá ló ń wá, ebi ń pa á.

Judge tiẹ̀ ni kò dùn mọ́ mi nínú. Home run 58, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìdíje àṣekágbá ti bẹ̀rẹ̀ ó ń gbá afẹ́fẹ́. Àmọ́ tó bá jí, ẹ sá.

Wọ́n sì ní Nestor Cortes lè padà wá. Ọwọ́ òsì ló fi ń jù, òun ló yẹ kí wọ́n fi dá Ohtani àti Freeman dúró torí àwọn náà ọ̀tún ò sí lọ́wọ́ wọn tí wọ́n bá ń gbá. Cuba ni wọ́n ti bí i, mo ní aládùúgbò kan ará Cuba tó ní ìlẹ̀kẹ̀ Ṣàngó pupa-funfun lọ́rùn, ó ní òun ti bá a bẹ Ṣàngó. Èmi Adéọlá ń retí Yankees ní méje.

Àlàbí_Houston (Ọjọ́bọ̀, 11:02 alẹ́)

Cortes ò tíì ju bọ́ọ̀lù kan nínú géèmù gidi láti 18 Oṣù Kẹsàn-án, ìgúnpá ni. Tí mo bá jẹ́ Boone tó ń darí Yankees, ibi tí ọ̀rọ̀ ò ti le ni màá ti kọ́kọ́ lò ó, kí n rí bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe wà. Ṣàngó ò ní bínú sí mi.

ÌyáTómi_Bronx (Jímọ̀, 25 Oṣù Kẹwàá, 3:25 ọ̀sán)

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ará ilé, mo ka gbogbo ẹ̀ ní òru àná nígbà tí àwọn arúgbó mi sùn. Mo ti kọ ọ́. Dodgers, géèmù mẹ́fà, Betts, run méje. Mo pa ìwé náà pọ̀ mẹ́rin kí n tó jù ú sínú àpótí. Fún Tómi mo sọ pé mo ti kọ ohun tó yẹ kí n kọ. Irọ́ kọ́ nìyẹn.

A máa jọ wò ó lálẹ́, aago mẹ́jọ kọjá ni. Mo ti ra súyà lọ́wọ́ ọmọkùnrin Hausa tó wà lẹ́bàá ọ̀nà.

BàbáPúùlù_Ìbàdàn (Jímọ̀, 3:41 ọ̀sán)

Aago kan òru kọjá ni tèmi. Mo ti ra epo sínú jẹnẹrétọ̀.

ỌmọPeckham (Jímọ̀, 10:50 alẹ́)

Ṣé irú géèmù yìí máa ń pẹ́ tó báyìí ni? Mo ń wò ó nítorí yín, mo niṣẹ́ ní àárọ̀. Ta ni ẹni tí bọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ yẹn tí Ohtani fi rìn dé base kẹta?

Ṣadé_Queens (Jímọ̀, 10:52 alẹ́)

Torres. Mi ò sọ nǹkan kan o. Mi ò sọ nǹkan kan.

Adéọlá_Brooklyn (Jímọ̀, 11:24 alẹ́)

JAZZ TI YANKEES JÍ BASE KEJÌ JÍ BASE KẸTA. 3 sí 2. @Ṣadé ta ni kò mọ eré sá??? Tún un sọ

Kọ́lá_Inglewood (Jímọ̀, 11:41 alẹ́)

FREEMAN

FREEMAN

ẸLẸ́SẸ̀ KAN

Àlàbí_Houston (Jímọ̀, 11:46 alẹ́)

Wọ́n lò ó lóòótọ́. Cortes, lẹ́yìn oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ kan, ní inning kẹwàá, ibi tó le jù nínú gbogbo géèmù. Bọ́ọ̀lù méjì péré ló jù. Àkọ́kọ́, Ohtani gbá a sókè, Verdugo mú un ó ṣubú lé àwọn èrò lórí, wọ́n bá ní kí àwọn tó wà lórí base máa sún síwájú. Wọ́n wá mọ̀ọ́mọ̀ fún Betts ní base ọ̀fẹ́ kí wọ́n lè bá ẹni tó ń tiro jà. Ìkejì, àwọn ará ẹ̀yìn ló gbà á. Grand slam tó parí géèmù, kò ṣẹlẹ̀ rí nínú World Series.

Kọ́lá_Inglewood (Jímọ̀, 11:52 alẹ́)

Landlord mi ti jáde sí ìta ó ń sunkún. Ó ní òun wà níbẹ̀ ní 1988 nígbà tí Kirk Gibson fi ẹsẹ̀ tí kò ṣeé tẹ̀ gbá irú ẹ̀, géèmù àkọ́kọ́ náà ni. Ó ní Fernando ló rán an. Èmi ò jiyàn. Àǹtí Ṣadé, báwo ni ọrùn ẹsẹ̀ bàbá yín?

Ṣadé_Queens (Jímọ̀, 11:55 alẹ́)

Fi mí sílẹ̀.

BàbáPúùlù_Ìbàdàn (Sátidé, 26 Oṣù Kẹwàá, 12:03 òru)

Epo tán ní inning kẹwàá, Yankees ló ń borí nígbà tí iná lọ. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣé wọ́n mú un?

ÌyáTómi_Bronx (Sátidé, 12:20 òru)

Bàbá, wọn ò mú un sà. 6 sí 3. Run mẹ́sàn-án, méje ni mo kọ. Betts tí mo kọ sí MVP, nígbà tó kàn án pé kó gbá ni wọ́n ní kó máa rìn lọ, ẹlòmíràn ló wá gbá a.

Tómi kò jẹ súyà tó kù. Ó bo ẹ̀wù Judge mọ́ ojú lórí àga, mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, mo sì ń rò ó nínú mi pé ó ku mẹ́ta. Ó dìde ó ní, "Mọ́mì, ta lẹ kọ gan-an?" Mo ní irú ìbéèrè wo nìyẹn lóru báyìí, kó lọ fọ eyín ẹ̀.